Ìyá Òdìkejì Omi

Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀ ní Atikori, tí òrùlé páànù gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó bá pọ́n bí epo tuntun, Ọláníkẹ́ á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, á sì máa bá ẹnì kan tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á rẹ́rìn-ín, á tún sọ̀rọ̀. Bí ó bá parí, á mú ààbọ̀ bísíkíìtì tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, á fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní ti ẹni náà ni.

Leah, ìyá rẹ̀, mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Ohun tó mọ̀ náà sì há a láyà bí eegun ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun, tí kò ṣeé gbé mì, tí kò ṣeé tu jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Zipporah, ìyá ọkọ rẹ̀, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ apẹja Òde-Omi ni Màmá, ọkọ ló gbé e wá sí Atikori, ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ọjà. Ó wò títí, ó yí sí Leah tó ń ká aṣọ.

"Ìyá Níkẹ̀ẹ́, ta ni ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí Leah ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ojú Màmá ń wò ó pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé.

"Èmi náà ò mọ̀, Mà," ló sọ. Ó tẹjú mọ́ aṣọ tó ń ká, ó tún un ká lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́ńdọ̀nù ni Leah àti Oyèbọ̀dé ti pàdé, nínú òtútù oṣù Kìíní, ní ibùdókọ̀ kan tí yìnyín ti bò mọ́lẹ̀. Leah ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Oyèbọ̀dé ń kàwé kó lè di olùkọ́ àgbà. Oyèbọ̀dé bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ fún un, ó ní, "Arábìnrin, ẹ gbà á. Ojú yín jọ ojú ilé." Ohùn Ìjẹ̀bú tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn mú ara Leah yá gágá ju iná sítóòfù lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ Oyèbọ̀dé lórí àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ á máa lù kì kì kì, ìwé tó bá ń kà á sì di funfun lójú rẹ̀. Ìfẹ́ wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé ebi. Wọ́n ṣègbéyàwó, Ọláníkẹ́ sì dé.

Nígbà tí ọmọ dé ni ìṣòro dé. Onílé wọn ní òun kò gba ọmọ ọwọ́, pàápàá ọmọ dúdú. Leah ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn, Oyèbọ̀dé ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́, yàrá wọn kò sì tó ibi tí èèyàn méjì á ti na ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ẹgbẹ́ wọn ló fi ọ̀nà hàn wọ́n. Àwọn obìnrin òyìnbó kan wà ní ìgbèríko tó ń gba ọmọ tọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ó máa lọ wò ó. Báyìí ni Ọláníkẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ Misis Hobbs ní Kẹ́ǹtì kí ó tó pé ọdún kan.

Leah ò rí ohun tuntun níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Òrù lòun náà dàgbà sí. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò dàgbà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Ẹni tó gbà ọ́ tọ́ á bọ́ ọ, á nà ọ́, á kọ́ ọ níṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n gbogbo ará àdúgbò ló mọ ìyá tó bí ọ. Ẹni tó bá rí ọ lọ́nà odò á bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni ìyá rẹ wà. O ò lè gbàgbé bí o tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé. Leah rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni Kẹ́ǹtì ṣe rí. Kò mọ̀ pé kò sí ẹnì kan lójú ọ̀nà ní Kẹ́ǹtì tí yóò béèrè òun lọ́wọ́ ọmọ òun. Ọmọ náà kọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lórí itan Misis Hobbs: "Mọ́mì." Bí Leah bá dé lóṣooṣù, ọmọ á sá sẹ́yìn aṣọ obìnrin náà, á máa yọjú wò ó.

"Nikí, wá wò ó, Àǹtí Leah ti dé," ni Misis Hobbs á wí, pẹ̀lú ẹ̀rín. Leah náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí tí wọ́n fẹ́ padà wálé, Misis Hobbs sunkún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó dárúkọ adájọ́, pé ilé ẹjọ́ lè ní kí ọmọ dúró sọ́dọ̀ òun. Ẹ̀rù ba Leah. Oyèbọ̀dé ló gbé èrò náà kalẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó ń fi ìfẹ́ lọ Leah: "Olólùfẹ́ mi, ọmọ wa ni. A ò jalè. A kàn máa sọ pé à ń mú un lọ ṣeré létí òkun, pé a ó padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Misis Hobbs fúnra rẹ̀ ló di ẹrù ọmọ náà. Ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń kó iyanrìn sínú rẹ̀. Ó fi fìlà onírun tó hun bo etí ọmọ náà nítorí afẹ́fẹ́ òkun. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́, ó ń juwọ́, títí bọ́ọ̀sì fi ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí Mọ́ńdè fi máa pé, èbúté Lífápúù ti jìnnà sẹ́yìn wọn, omi ló yí wọn ká. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ funfun yẹn ti ń jù sí Leah, bí ó sùn, bí ó jí.

Irọ́ kejì sì ti wà nílé de irọ́ àkọ́kọ́. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà lọ́hùn-ún, Màmá Zipporah ń bẹ̀ wọ́n: ẹ fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi, n ó tọ́ ọ, ẹ fi ara balẹ̀ kàwé yín. Oyèbọ̀dé á dá a lóhùn pé ọwọ́ Leah ni ọmọ wà, pé àyà ìyá rẹ̀ ló ń sùn sí lóru. Ìtìjú ni kí wọ́n sọ pé àjèjì tí wọn ò mọ ilé bàbá rẹ̀ làwọn gbé ọmọ fún.

Oyèbọ̀dé ríṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Leah ń dúró de ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, òun àti ọmọ wà lọ́dọ̀ Màmá. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí Ọláníkẹ́ má pè é ní Àǹtí lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyàwó Lọ́ńdọ̀nù," ni Abibat aláṣọ, aládùúgbò wọn, fi dá a lápàárá, "irú òyìnbó wo lẹ kọ́ ọmọ yín? Ọmọ tèmi ì báà pè mí ní Àǹtí, ọbẹ̀ ọjọ́ náà á di ọbẹ̀ Àǹtí, kò ní í rí ẹran níbẹ̀."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Leah náà rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ti mọ irọ́ pa débi pé kò wulẹ̀ ronú mọ́ kó tó pa á.

Abibat kò sọ ọ́ nítorí ìkà. Àánú ọmọ náà ló ṣe é, bó ṣe ń jókòó ti ìkọ́kọrẹ́ tí kò fẹnu kàn án, tó sì ń yẹra fún àwọn ọmọ yòókù. Ó pe àbúrò rẹ̀ Nimotalahi, tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, pé kó bá a sọ̀rọ̀. Leah wà nídìí kànga lákòókò náà. Nígbà tó fi máa gbé omi dé, Màmá Zipporah ti jókòó sórí pèpéle, ó di orí mú. Abibat dúró tì í, kò ṣe àwàdà mọ́.

"Tún un sọ kí ìyá rẹ̀ gbọ́," ni Màmá wí.

Nimotalahi wo ilẹ̀. "Ó ní òun ní ìyá kan lódìkejì omi. Ó ní irun orí rẹ̀ gùn, ó pupa bí oòrùn. Ó ní ó ń dúró de òun níbẹ̀, pé ó máa tó wá mú òun lọ."

"Asitafurulái," ni Abibat wí jẹ́jẹ́.

Ta ni wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí tí yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní í mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ọmọ tó ń dá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ tó ń tọ́jú oúnjẹ fún ẹni tí a kò rí. Ọmọ tí kò mọ ìyá tó bí i ní ìyá, tí ìyá mìíràn sì ń pè é láti inú omi. Ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run ni. Wọ́n á wá mú un lọ ni. Màmá Zipporah, tó ti sin ọmọ méjì kí ó tó bí Oyèbọ̀dé, di ọwọ́ Leah mú.

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Wọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ṣèlérí fún ọ."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn gún Leah ju èébú lọ.

Màmá mú wọn lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Zechariah. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, èérún pákó ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà tó gbàdúrà. Ó ní ẹ̀mí fi hàn òun pé obìnrin kan dúró létí omi, ó ń juwọ́. Wòlíì ní kí wọ́n gbààwẹ̀, kí wọ́n fá irun ọmọ náà, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, kí wọ́n gbé e lọ sétí ọ̀sà ní Òde-Omi, ilé ìyá àgbà rẹ̀. Wọ́n á rì í bọ omi nígbà mẹ́ta. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà á kọ ìyá yẹn pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, á ní: "Ìwọ kì í ṣe ìyá mi. Mi ò mọ̀ ọ́."

Nígbà tí Oyèbọ̀dé dé láti Àgọ́-Ìwòyè lópin ọ̀sẹ̀, Leah fà á wọ yàrá.

"Jẹ́ ká sọ fún Màmá."

"Ká sọ kí ni? Pé ọdún mẹ́rin la fi purọ́ fún un? Yóò pa á."

"Wọ́n fẹ́ kí ọmọ yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ kọ obìnrin náà, Bọ̀dé."

Oyèbọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Leah mú jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo ara rẹ̀ á fi rọ̀. "Àyànfẹ́, àdúrà ni. Omi ni. Omi kì í pa ọmọ tí àgbà dì mú. Àbí ìwọ náà ò fẹ́ kó gbàgbé ni? Ìwọ náà ò fẹ́ kó pè ọ́ ní Màmá?"

Leah mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí gan-an nìyẹn, ju ìtìjú lọ, ju ẹ̀rù Màmá lọ. Nígbà tó rí èyí nínú ara rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Oyèbọ̀dé. Ọwọ́ tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn, ó sì tutù sí i lára bíi yìnyín.

Oyèbọ̀dé padà síbi iṣẹ́. Àwọn obìnrin ìjọ díẹ̀, Wòlíì, Màmá, Leah àti ọmọ gba ọ̀nà Òde-Omi. Lọ́rì ló gbé wọn dé etí omi, wọ́n wá wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Nígbà tí Ọláníkẹ́ rí omi tó lọ rẹrẹ láìlópin, ojú rẹ̀ là. Láti ọjọ́ tó ti dé Nàìjíríà, Leah kò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Omi ló gbé e wá, ọkọ̀ ló gbé e wá. Ó dá a lójú pé omi àti ọkọ̀ náà ló ń gbé e padà. Orí rẹ̀ tí wọ́n fá ń dán nínú oòrùn. Ó rọra ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ọwọ́ Leah, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fẹ́ dì í mú láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "ṣé Mọ́mì ń dúró dè wá?"

Ọwọ́ náà kéré, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Leah ò fẹ́ kó yọ ọ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ìbátan Màmá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ ní Òde-Omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n ń kọrin lọ sétí ọ̀sà, láàárín àwọ̀n tí wọ́n sá àti ọkọ̀ tí wọ́n fà gòkè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, omi ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wòlíì Zechariah gbé Ọláníkẹ́ lé apá, ó wọ inú omi títí ó fi mù ún dé ìgbáròkó. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ń na ọrùn, ó ń wo ọ̀kánkán níbi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run, ó ń wá ẹnì kan.

Wòlíì yí ojú sétí omi. "Ìyá ọmọ, súnmọ́ wa. Kò gbọ́ èdè wa. Ìwọ lo máa sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sọ ọ́ tẹ̀lé ọ."

Leah kò tíì rò ó débẹ̀ rí. Ó wọ inú omi, aṣọ rẹ̀ wúwo, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Orin lọ sílẹ̀. Gbogbo wọn ń retí rẹ̀.

"Níkẹ̀ẹ́," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "sọ pé... sọ pé ìwọ kì í ṣe..."

Ọmọ náà yí ojú kúrò lọ́dọ̀ omi, ó wò ó. Kò bínú, kò bẹ̀rù. Ó kàn ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó mọ̀nà.

"Níbo ló wà?" ló bi í.

Leah bú sẹ́kún. "Kò sí níbí. Kò sí nínú omi yìí, Níkẹ̀ẹ́. Ó wà ní ilé rẹ̀ ní Kẹ́ǹtì. Mo purọ́ fún un pé etí òkun là ń lọ, pé a ó mú ọ padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò mọ ibi tí o wà. Èmi ni mo gbé ọ sá lọ."

Ó sì yí sí àwọn tó wà létí omi, ó tún un sọ ní Yorùbá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó ní obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Misis Hobbs, ẹlẹ́ran ara ni. Ó ní obìnrin yẹn ló tọ́ ọmọ yìí láti ìgbà tó ń rá. Ó ní ọmọ ò sí lọ́wọ́ òun rí nígbà tí Màmá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó ní ẹni tí ọmọ ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, òun sì ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, ojú àwọn obìnrin náà ń kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo iyanrìn.

Wòlíì Zechariah dúró nínú omi, ọmọ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Kí lo pe orúkọ rẹ̀?"

"Misis Hobbs, Bàbá."

Kò sọ fún Leah pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Ó gbé ọmọ náà jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó dárúkọ obìnrin òyìnbó náà bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbé e, ó bẹ Ọlọ́run kí ó tù ú nínú níbikíbi tó bá jókòó sí. Àwọn obìnrin ní àmín. Leah fẹ́ ṣe àmín, kò lè ṣe é.

Ọláníkẹ́ ti gbọ́ orúkọ náà. Ó wo gbogbo wọn, ó wo omi, ó wá wo Leah. Nígbà tí Leah na ọwọ́ sí i, ó fi tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó rìn kọjá lára rẹ̀ lọ síbi tí Màmá Zipporah jókòó sí lórí ìdí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò gbọ́ èdè Màmá, Màmá kò gbọ́ tirẹ̀. Àgbà náà ń sunkún láìjẹ́ kó dún. Ọmọ náà jókòó tì í, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó mọ́ra.

Leah dúró sí ọ̀ọ́kán. Kò lè súnmọ́ wọn, kò lè lọ.

"Èmi ni mo ní kí ẹ gbé e wá fún," ni Màmá wí, kò wo ojú Leah. "Mo tẹ́ ẹní dè é. Ẹ wá gbé e fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ tún wá jí i gbé lọ́wọ́ ìyẹn náà."

"Mo ṣẹ̀ yín, Mà."

"Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ mí. Kì í ṣe tèmi ni mò ń bi ọ́." Màmá fi etí ìborùn nu imú ọmọ náà. "Obìnrin yẹn, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ yìí wà láàyè?"

"Kò mọ̀, Mà."

"Látìgbà tí ẹ ti dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Níbo ni èèyàn ti lè tẹ wáyà sí ìlú òyìnbó?"

"Ìjẹ̀bú-Òde, Mà. Ní póòsì ọ́fíìsì."

"Kí lo wá dúró ṣe níbí?"

Leah yóò kojú ìbínú Oyèbọ̀dé, yóò kojú adájọ́ tí Misis Hobbs dárúkọ, bóyá yóò sì pàdánù ọmọ tó wà lábẹ́ ìborùn yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló rí lójú ẹsẹ̀. Leah fún omi kúrò ní etí aṣọ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n tí wọ́n sá, ó lọ wá ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé e sọdá sọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde.